Àgbọ̀nrín Kan Kí Òjò Tó Dé

Ìyá mi kò pè mí ní ọ̀lẹ rí. Ohun tó máa ń sọ burú ju ìyẹn lọ. Bí àlejò bá wá sílé wa ní Ifo, tó bá béèrè pé kí ni mò ń ṣe báyìí, ìyá mi á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan." Ó parí síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ńdírì, mo fi í sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ télọ̀, mo mọ bí a ṣe ń gán bọ́tìnì, mo kúrò. Mo lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì Abẹ́òkúta, mo bínú sí ọ̀gá mi lọ́jọ́ kan, mi ò padà mọ́.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìyá mi kó aṣọ mi sínú báàgì kan, ó ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá òun. Bàbá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀yìn Ibafo ló ń gbé, níbi tí ilé ti ń tán tí igbó àti àbàtà ti ń lọ bá odò Ògùn. Àwọn ará Èkó ń ra ilẹ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Mo rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Lotto, ní Mowe. GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa tálákà. Bàbá Àgbà ò ní fóònù. Ọrun àti ọfà ló ní.

Ìbọn ló ń lò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ti wọnú igbó, bí ọdẹ bá yìnbọn láàárọ̀, àwọn lánlọ́ọ̀dù á rò pé olè ti dé, fìjìlántè á fọn fèrè, àwọn obìnrin á máa ké pe Jésù láti ojú fèrèsé. Àwọn ọdẹ àdúgbò jókòó, wọ́n fẹnu kò pé kò sí ìbọn nítòsí ilé mọ́. Púpọ̀ nínú wọn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bàbá Àgbà gun àjà lọ, ó gbé ọrun tí bàbá rẹ̀ lò sọ̀kalẹ̀, ó so ọṣán tuntun mọ́ ọn. Ó ní ọfà kì í pariwo, pé ẹni tó bá gbọ́ ìró rẹ̀ ti kú ná.

Ojú rẹ̀ ló wá dà á. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣì lè mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ó sì lè mọ̀ pé ènìyàn ló dúró síwájú òun, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni náà títí ẹni náà á fi sọ̀rọ̀.

"Ìyá ẹ ní o kì í parí nǹkan," ó sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé. Mo ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé òótọ́ ni?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní òótọ́ ni.

Ó ní kí n dìde, ó na ọrun náà sí mi. "Fà á."

Mo fà á. Ọwọ́ mi gbọ̀n, ọṣán náà kò tíì dé àyà mi tó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ Bàbá Àgbà ọkùnrin, ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń gun ọ̀kadà, jókòó sórí máṣìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ gúgúrú. Bọ̀dá ni mo máa ń pè é. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa fa omi nínú kànga ná."

Bàbá Àgbà ju ọwọ́ sí i. Ó kọjú sí ibi tí ohùn mi ti jáde. "Àgbọ̀nrín kan," ó ní. "Ọfà ni wàá fi pa á, ìwọ nìkan, kí òjò àkọ́rọ̀ tó fìdí múlẹ̀. Tí òjò bá ti dé, àwọn tó ra ilẹ̀ á kó katapílà wọ inú igbó lẹ́yìn rẹ̀, kò ní sí igbó mọ́. Tí o bá pa á, ọrun yìí di tìẹ. Èmi fúnra mi á mú ẹ dé iwájú àwọn ọdẹ, màá ní ọmọ iṣẹ́ mi rèé, èyí tó kẹ́yìn. Tí o kò bá pa á, gbé báàgì ẹ padà sí Ifo."

Mo fẹ́ nǹkan náà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ti parí nǹkan rí. Kì í ṣe ẹran ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ kan kí wọ́n tọ́ka sí mi.

Mo mú èédú, mo kọ ọ́ sára ògiri yàrá mi, lókè ibi tí mo ń gbórí lé. Ìkíní, kí n fa ọrun dé etí. Ìkejì, kí n ta ọfà mẹ́wàá sára ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ogún ìṣísẹ̀, kí ọ̀kan má tàsé. Ìkẹta, kí n mọ ewé fọn láti fi pe ẹran. Ìkẹrin, àgbọ̀nrín. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbà kọ "àgbọ̀nrín" kí n tó fi ọ̀kan sílẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá òun ló dáa.

Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń ta ọfà, lẹ́yìn tí Bàbá Àgbà bá kírun tán, kí n tó lọ mọ búlọ́ọ̀kù. Oṣù kìíní, ọṣán ń bó mi láwọ ní apá, mo ń fi àkísà aṣọ dì í. Èjìká mi wú. Àmọ́ ìrora kọ́ ló le jù. Àárọ̀ tí ohunkóhun ò ṣe mí ló le, àárọ̀ tí mo kàn fẹ́ sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọrun sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní, kó lè máa gún mi ní ìhà bí mo bá yíra. Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, màá sọ fún ara mi pé ọfà mẹ́ta péré, kí n padà wá sùn. Tí mo bá ti ta mẹ́ta, ojú mi ti là, màá ta ogójì. Mo tan ara mi bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù méje. Ó yà mí lẹ́nu pé ara mi ò gbọ́n sí i.

Bọ̀dá sọ mí ní Ọdẹ Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó sọ ọ́ débi pé orúkọ náà gun ọ̀kadà pẹ̀lú rẹ̀ dé Lotto, tí àwọn tí a jọ ń mọ búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pé, "Ọdẹ Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ kú oko ọdẹ o. Mélòó lẹ pa lónìí? Ṣé àgbagbà ni àbí ọ̀mìnì?" Màá rẹ́rìn-ín. Tí mo bá délé, màá fi èédú fa ilà kan sí i lára ògiri.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ti fa ọrun dé etí. Kí ọyẹ́ tó lọ, ọfà mẹ́wàá ń wọ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá Àgbà kì í wò mí, kò kúkú lè wò mí. Ó máa ń jókòó sórí àpótí, ó ń gbọ́. Ó mọ ọfà tó wọlé àti èyí tó tàsé, nínú ìró nìkan. Lọ́jọ́ tí mẹ́wàá pé, ó ní, "Ó dáa," ó dìde, ó wọlé. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ayọ̀ náà ti yó mi.

Ewé ni kò gbọ́ tèmi. Ọdẹ máa ń ká ewé sáàárín àtàǹpàkò méjèèjì, á fọn ọ́n, ìró rẹ̀ á jáde bí igbe ọmọ àgbọ̀nrín tí nǹkan mú. Ẹran tó bá gbọ́ ọ á wá wò ó, akọ pàápàá á wá. Bí Bàbá Àgbà bá fọn ọ́n, irun apá mi á dìde. Bí mo bá fọn ọ́n, itọ́ ni yóò máa jáde.

"Ìyẹn ò jọ ọmọ ẹran," Bọ̀dá sọ. "Ó jọ ẹni tí inú ń lọ́."

Òfin kan wà lórí ewé fífọn. Bàbá Àgbà sọ ọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ ọ lójú oorun. "Wo abẹ́ kí o tó wo àyà." Bí abo bá jáde sí ewé, ọmú rẹ̀ ni kí ọdẹ kọ́kọ́ wò. Tí ọmú bá kún, ọmọ rẹ̀ wà níbì kan nínú koríko. Kí ọdẹ sọ ọfà kalẹ̀, kí ó jẹ́ kó lọ. Ó ní, "Ẹni tó bá pa ìyá ọmọ pa ẹran méjì, ọ̀kan ló máa gbé wálé."

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló bá mi wọ igbó, mo fi igi fà á. Ó fọn ewé fún mi. Akọ àgbọ̀nrín kan jáde, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ó dúró, ó gbórí sókè. Oṣù méje ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà ní apá mi. Mo ta ọfà, ọfà náà wọ igi ọ̀pẹ. Bàbá Àgbà gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n mú òun lọ sílé. Kò bú mi. Ọ̀nà yẹn gùn.

Òjò kìíní rọ̀ lọ́jọ́ kẹta rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lórí páànù.

"Ṣé kí n bá ẹ gbé báàgì dé garaji?" Bọ̀dá béèrè láàárọ̀.

"Òjò kan kì í ṣe òjò," Bàbá Àgbà sọ láti inú ilé. "Tó bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

Èkejì rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, tíípà tó ń kó yẹ̀pẹ̀ wá fún wa ní Lotto kò wá, ọ̀gá ní ká máa lọ. Mo mú ọrun, mo wọ igbó lọ láàárọ̀, èmi nìkan. Mo ń rìn lẹ́bàá àbàtà nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ọmọ àgbọ̀nrín ni. Ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nínú koríko, ó pa etí dé ẹ̀yìn, àwọn àmì funfun kéékèèké wà lára rẹ̀ bí ẹni ta ẹfun sí i. Kò sá. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé kó má mira títí òun á fi dé. Mo gbọ́wọ́ lé e, kò mira síbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù lábẹ́ ọwọ́ mi bí fóònù tí wọ́n pa ohùn ẹ̀, tó ń gbọ̀n.

Mi ò ní parọ́ pé èṣù ló bọ́ sí mi nínú. Mo jókòó, mo rò ó. Mi ò mọ ewé fọn. Ìyá ẹran yìí ò jìnnà. Òjò kan ló kù. Mo rò ó bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń ro ìṣirò, ìgbà tí èsì rẹ̀ jáde, mo dìde, mo ṣe é.

Okùn ọ̀rá tí mo fi di ọfà mi pọ̀ ni mo tú. Mo so ọmọ ẹran náà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan mọ́ gbòǹgbò igi. Okùn ṣẹ́kù dáadáa, mo so ìyókù mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kejì, mo mú orí okùn náà dání, mo gun igi náà lọ. Mo jókòó sórí ẹ̀ka kan, mo ti ọfà bọ ọṣán.

Ọmọ náà ò ké. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó dákẹ́, ó dákẹ́. Mo fa okùn náà díẹ̀. Ó dákẹ́. Mo fà á gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ya sọ́tọ̀, ó wá ké. Irú igbe tí Bàbá Àgbà ń fọn ni gẹ́lẹ́. Tó bá ti dákẹ́, màá tún fà á. Mi ò mọ iye ìgbà. Oòrùn ti dé àtàrí mi kí n tó rí ìyá.

Ó jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bíi pé ilẹ̀ gbóná. Ó dúró. Ó rí i pé ọmọ rẹ̀ ni lóòótọ́, ó gbàgbé gbogbo ọgbọ́n tó ní. Ó wá sábẹ́ mi gan-an, ó tẹ orí ba, ó ń lá ibi tí okùn wà. Mo ti rí abẹ́ rẹ̀ kí n tó rí àyà rẹ̀. Ọmú rẹ̀ kún. Mo fa ọrun dé etí, ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá lọ́jọ́ yẹn, mo ta á láàárín èjìká.

Ó sáré bí ogójì ìṣísẹ̀, ó ṣubú. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sáré bá a pẹ̀lú ọ̀bẹ, kí n lè dú u kó tó kú, torí ilé ìmàle ni ilé wa, Bàbá Àgbà kì í jẹ òkú ẹran. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Mo ní "Bísímíláì," mo dú u. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi ẹnu yẹn pè.

Mo gbé e lé èjìká. Ọmọ náà wá ń ké báyìí láìjẹ́ pé mo fa okùn. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí n padà, kí n gé okùn, kò lè gbà ju kí ènìyàn tutọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹran ti wà léjìká mi, mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, ó máa nira láti gbé e dìde. Mo ní màá padà wá nírọ̀lẹ́. Ìdí tí mo ní nìyẹn. Mo ti wá ìdí mìíràn láti ìgbà náà, mi ò rí.

Gbogbo ilé jáde pàdé mi. Ìyàwó Bàbá Àgbà, Ìyá Àgbà, da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Bọ̀dá sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó yí ẹran náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó fi eré ṣe é, àmọ́ àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ọdẹ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti kú o," ó ní. "Ta lẹni tuntun yìí?" Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìṣẹ́jú yẹn bóyá mo ti hùwà ìkà, màá ní ìkà wo?

Ní ilé Bàbá Àgbà, ọ̀bẹ kì í kan ẹran títí ẹni tó pa á á fi jókòó sọ bó ṣe pa á, láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ibi tó ti ṣubú. Mo jókòó. Mo sọ ọ́. Mo ní mo fọn ewé lẹ́bàá àbàtà, mo ní ó jáde, mo ní mo dúró sẹ́yìn igi ní ogún ìṣísẹ̀, mo ta á. Mo sọ ọ́ dáadáa. Mo tiẹ̀ fi afẹ́fẹ́ sí i, mo ní ó ń fẹ́ bọ̀ wá bá mi.

Bàbá Àgbà kúnlẹ̀ ti ẹran náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá ojú ọgbẹ́.

"Orí ilẹ̀ lo dúró sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ti ìka bọ ibi tí ọfà gbà wọlé. "Ọfà yìí ti òkè wá."

Mo wo ìka rẹ̀ tó wà nínú ọgbẹ́.

"Ẹran tí a fi ewé pè máa ń gbórí sókè ni, ó ń wá ibi tí igbe ti ń bọ̀. Eléyìí tẹ orí ba." Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ lára ẹran náà, ó gba ìhà kọjá, ó dé abẹ́. Ó dúró níbẹ̀. Ó tẹ ọmú náà, wàrà bo ìka rẹ̀. Ó gbé ìka náà sí imú. Kì í ṣe èmi ló bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí Ìyá Àgbà já ewé kan wá.

Ìyá Àgbà já a wá. Bàbá Àgbà nà án sí mi. "Fọn ọ́n."

Mo ká a, mo fọn ọ́n. Ohun tó máa ń jáde náà ló jáde. Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ọmọ rẹ̀ dà?" Bàbá Àgbà béèrè.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Igi, okùn, bí mo ṣe ń fà á. Mo ń sọ ọ́ fún ilẹ̀. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ní, "Yéè," díẹ̀ báyìí, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀.

"O tú u?"

"Rárá, sà."

Ó kọjú sí Bọ̀dá. "Gbé e lọ síbẹ̀. Ewúrẹ́ wa ń fọ́mọ lọ́mú. Tó bá wà láàyè, ẹ gbé e wá, ewúrẹ́ á gbà á."

Bọ̀dá gbé mi. Ó sáré lórí ọ̀kadà yẹn bí ẹni gbé aboyún lọ sí ọsibítù, ó gba inú ilẹ̀ àwọn lánlọ́ọ̀dù títí ọ̀nà fi tán, a wá fi ẹsẹ̀ sá. Èmi ni mo ṣáájú. Mo ń gbàdúrà. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kó wà láàyè, kí Bàbá Àgbà lè dárí jì mí. Mo bẹ̀ ẹ́ torí ara mi, kì í ṣe torí ẹran náà.

Ìjàlọ ni mo kọ́kọ́ rí. Ilẹ̀ ti rọ̀ látàrí òjò, wọ́n ti jáde, wọ́n to ìlà dúdú kan tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ ènìyàn, ìlà náà lọ tààrà sí ìdí igi. Ọmọ ẹran náà ti yí okùn mọ́ gbòǹgbò náà títí kò fi ní àyè láti yí mọ́. Wọ́n ti bò ó. Ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Mo rò pé ó ti kú, títí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan fi rìn nínú afẹ́fẹ́, bíi pé ó ṣì ń lọ síbì kan.

Bọ̀dá ṣẹ́ igi, ó nà án sí mi. "Ìwọ lọdẹ."

Mo gba igi náà. Mo gbé e sókè. Mi ò lè ṣe é. Èmi tí mo fa okùn láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú, mi ò lè gbé igi sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìjàlọ ti ń gun ẹsẹ̀ mi, mo dúró síbẹ̀ bí òpó. Bọ̀dá gba igi lọ́wọ́ mi, ó lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, ó sọ igi nù, ó lọ dúró lẹ́yìn igbó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ká lọ." Kò pè mí ní orúkọ kankan lọ́jọ́ yẹn, kò sì pè mí ní ọ̀kan mọ́ láti ìgbà náà.

Bàbá Àgbà ṣì wà níbi tí a fi í sí. "Ó wà láàyè?"

"Ó ti kú, Bàbá."

"Kí ló pa á?"

Mo fẹ́ ní ìjàlọ. Mo ní, "Èmi ni."

Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n san ohun tó tọ́ sí i. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ọrun náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo wólẹ̀, mo ní mi ò gbà á, mo ní kó dárí jì mí.

"Gbà á," ó ní. "Mo ní àgbọ̀nrín kan, ọfà, ìwọ nìkan, kí òjò tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. O ṣe é. Èmi kì í yẹhùn. Ṣùgbọ́n mo yọ ẹyọ kan kúrò. Mi ò ní mú ẹ dé ọ̀dọ̀ ọdẹ kankan. Bí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló kọ́ ẹ, o ò gbọdọ̀ dárúkọ mi. Láàyè mi o, lẹ́yìn ikú mi o."

Ìyá Àgbà se ẹran náà, torí a kì í da oúnjẹ nù. Bàbá Àgbà fi ata lásán jẹ ẹ̀bà. Bọ̀dá ò délé jẹun. Wọ́n bu tèmi fún mi, mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo kọ ọ́ síbí torí òótọ́ ni.

Mo padà sí Ifo pẹ̀lú ọrun. Ìyá mi rí i lọ́wọ́ mi, ó kígbe ayọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọdẹ lójú àwọn aládùúgbò. Ó gbé ọrun náà kọ́ sí pálọ̀, níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ rí i. Mo gbà fún un. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́ fún odindi ọdún kan, mi ò sọ nǹkan kan fún un.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Àgbà kú. Èmi àti ìyá mi lọ síbi fídáù rẹ̀ ní Ibafo. Katapílà ti kọjá lórí igbó náà nígbà yẹn, ilẹ̀ pupa lásán ló kù, ó lọ títí. Nígbà tí àwọn àáfà ṣàdúrà tán, àwọn ọdẹ tó ṣẹ́kù, àgbàlagbà bíi mẹ́fà, jáde síta. Wọ́n tẹ́ apó ọfà Bàbá Àgbà sórí ẹní. Olórí wọn béèrè pé ta ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ olóògbé, kí ó wá gbé apó ọ̀gá rẹ̀.

Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Dìde."

Mo wo ilẹ̀.

Olórí ọdẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá mi ti ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń nawọ́ sí mi, ó rò pé ojú ló ń tì mí. "Ọmọ mi ni," ó ń wí. "Ọmọ mi ni. Ẹ má bínú, kì í fẹ́ kí wọ́n máa wo òun. Dìde, Ọdẹ."

Bọ̀dá wà ní òdì kejì, ó wọ jalámíà funfun. Ó ń wò mí. Kò sọ nǹkan kan, ó sì lè sọ ọ́.

Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dìde, olórí ọdẹ ní, "Ó dáa, kò fi ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀." Wọ́n gbé apó náà fún Bọ̀dá tí kò ta ọfà rí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kọ́.

Inú mọ́tò ni mo ti sọ ọ́ fún ìyá mi, nígbà tí a ń kọjá Oke-Aro. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ òótọ́ rẹ̀ fún Bàbá Àgbà. Ìyá mi gbọ́ ọ títí mo fi parí. Ojú títì ló ń wò. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Ifo, mo na ọwọ́ láti bá a gbé báàgì rẹ̀. Ó gbé e fúnra rẹ̀, ó ṣáájú mi lọ sílé.